Iná tí Washington ní kí wọ́n máa ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe Ìwé Ìdágbére ní ọ̀rọ̀ tí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ nígbà tó fẹ́ fipò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí aráàlú. Kò gun orí pèpéle, kò pe ìgbìmọ̀ kankan jọ. Inú ìwé ìròyìn ló ti jáde ní Philadelphia, olú-ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1796. David Claypoole ló ni ìwé ìròyìn náà. Washington ránṣẹ́ pè é, ó fa ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lé e lọ́wọ́, ojú ewé 32, ó sì yẹ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tún àmì ìdánudúró àti àwọn nǹkan kéékèèké ṣe. Nígbà tí Claypoole fẹ́ dá ìwé náà padà, ó ní ó wu òun láti tọ́jú rẹ̀. Washington ní kó máa mú un lọ. Lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn náà jáde, ààrẹ kò sí nílùú mọ́, ó ti kọrí sí ilé rẹ̀ ní Mount Vernon.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń rántí nínú Ìwé Ìdágbére yìí ni pé Washington ní kí wọ́n má dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ohun tó kọ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀mí ẹgbẹ́, ìyẹn ẹ̀mí "tiwa ni, tiwọn kọ́", kò ṣe é yà kúrò lára ọmọ ènìyàn, pé inú ìfẹ́-ọkàn wa tó lágbára jù lọ ló ta gbòǹgbò sí, àti pé kò sí irú ìjọba tí kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó gbà pé nǹkan kò ṣe é pa run kò ní pàṣẹ pé kí wọ́n pa á run. Washington ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe ń rìn ni, láti ibi tó ń gbà wọlé títí dé ibi tó ti ń pani. Ìrìn yẹn ló yẹ ká fara balẹ̀ kà, torí a lè gbé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ọkùnrin náà àti lẹ́yìn rẹ̀, ká wò ó bóyá ó bá a mu.

Inú ìjọba òun fúnra rẹ̀ ni ìyapa náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó búra wọlé ní New York lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1789, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó délé dóko lórílẹ̀-èdè náà, ìwé òfin tí wọ́n kọ ní 1787 kò sì dárúkọ ẹgbẹ́ rárá. Ó fi Alexander Hamilton sídìí ètò ìnáwó, ó fi Thomas Jefferson sídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Hamilton fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ gba gbèsè ogun tó wà lọ́rùn àwọn ìpínlẹ̀, ó sì fẹ́ dá báǹkì orílẹ̀-èdè sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìdókòwò mílíọ̀nù 10 dọ́là àti ìwé àṣẹ ọdún 20. Jefferson ní kò síbi tí ìwé òfin ti fún ìjọba láṣẹ báǹkì. Washington ní kí kálukú kọ èrò rẹ̀ wá, ó kà á, ó sì buwọ́ lu òfin báǹkì lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1791. Títí dé ibẹ̀, àríyànjiyàn ni, irú èyí tí ìjọba tó bá lórí pípé gbọ́dọ̀ máa ní.

Ìgbà tí kálukú wọn ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́. John Fenno ń gbè sẹ́yìn Hamilton nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ń rí gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìnáwó sì wà lára ohun tó ń jẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1791, Philip Freneau bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kejì tó dojú kọ Hamilton. Jefferson ti gba Freneau sí ọ́fíìsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, 250 dọ́là lọ́dún. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀: ọmọ ìgbìmọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń bá ààrẹ kan náà ṣiṣẹ́, owó ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà àwọn tó ń bá wọn bú ara wọn níta gbangba. Hamilton tilẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀wé gún Jefferson lára nínú ìwé ìròyìn Fenno ní 1792, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Washington kọ̀wé sí Jefferson lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó kọ sí Hamilton lọ́jọ́ 26. Ó bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa fi sùúrù gba èrò ara wọn. Ó ní bí ọ̀tá ti yí orílẹ̀-èdè ká tó yìí, ìjà abẹ́lé ń fa ìfun rẹ̀ ya. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ni àwọn méjèèjì kọ èsì. Kálukú ní ẹnì kejì ló fà á.

Ibi èsì méjì yìí ló yẹ kéèyàn dúró sí díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń parọ́ lójú ara rẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rù ń ba Jefferson tọkàntọkàn pé Hamilton fẹ́ dá ọba padà sórí ìlú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó dá Hamilton lójú pé àwọn ará Jefferson yóò ba orúkọ orílẹ̀-èdè jẹ́ lójú àwọn tó yá a lówó. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kì í rí ẹgbẹ́, orílẹ̀-èdè ló ń rò pé òun ń gbà là. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ kò fi wọlé, ìdí náà sì nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i ló kọ ìwé ọdún 1796.

Ọwọ́ tó kọ ọ́ kò jẹ́ ẹyọ kan, ó sì yẹ ká sọ èyí láìfi bò. Ní 1792, nígbà tí Washington kọ́kọ́ fẹ́ lọ sinmi, James Madison ló bá a ṣe àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1796, Hamilton ló tún un kọ, lẹ́yìn tó ti fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó sì ń ṣe agbẹjọ́rò ní New York. Nígbà yẹn, Madison ti di òpómúléró ẹgbẹ́ Jefferson tí wọ́n ń pè ní Republican (kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, 1854 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀), Hamilton sì ni ọpọlọ ẹgbẹ́ Federalist. Àwọn méjì tí ọwọ́ wọn kan ìkìlọ̀ náà ni wọ́n kọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ìkìlọ̀ náà kò wúlò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Washington ló yan ohun tó dúró nínú ìwé náà àti ohun tó jáde, ohun tó sì dúró níbẹ̀ lòdì sí àwọn méjèèjì.

Ilẹ̀ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Washington kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa ẹgbẹ́ tó bá gbára lé apá kan ilẹ̀: Àríwá sí Gúúsù, ẹ̀gbẹ́ òkun sí Ìwọ̀-oòrùn. Ó ní ọgbọ́n tí ẹgbẹ́ fi ń gba ọkàn àwọn ará àdúgbò kan ni pé kí ó ṣi èrò àti ìfẹ́ àwọn ará àdúgbò mìíràn sọ fún wọn. Ẹni tí o kò rí rí, tí o kò bá jẹun rí, ó rọrùn láti gba ibi gbọ́ nípa rẹ̀. Ó fi ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè ní Ìwọ̀-oòrùn kò ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn láti kó irè oko wọn dé ọjà àyàfi odò Mississippi, ọwọ́ Sípéènì sì ni ẹnu odò náà wà. Àwọn kan ti ń sọ fún wọn pé ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ òkun kò bìkítà fún odò wọn. Ní 1795, ìjọba kan náà bá Sípéènì ṣe àdéhùn pé ọkọ̀ wọn lè máa gba odò náà kọjá, gbogbo ọmọ ilé aṣòfin àgbà tó dìbò sì fọwọ́ sí i láìku ẹnì kan. Washington ní kí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn fi èyí ṣe ẹ̀kọ́, kí wọ́n wò ó bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ti ń gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ẹ̀mí ẹgbẹ́ lápapọ̀. Ó ní ó ń da ìmọ̀ràn ìlú rú, ó ń sọ iṣẹ́ ìjọba di aláìlágbára, ó ń fi owú tí kò nídìí àti ìpayà èké ru aráàlú sókè, ó ń mú kí apá kan kórìíra apá kejì, nígbà mìíràn ó sì máa ń yọrí sí rúkèrúdò àti ọ̀tẹ̀. Ó tún ń ṣílẹ̀kùn fún ọwọ́ òkèèrè. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1793, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Washington kéde lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin pé Amẹ́ríkà kò ní bá ẹnikẹ́ni gbè. Aṣojú Faransé, Edmond-Charles Genêt, ti gúnlẹ̀ sí Charleston nínú oṣù kan náà, ó sì ń fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi níwèé àṣẹ láti máa kó ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rù. Àwọn tó fẹ́ràn Faransé patẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí John Jay, aṣojú tí Washington rán, wá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, wọ́n dáná sun ère rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i ní 1795 pẹ̀lú ìbò 20 sí 10, ilé aṣojú-ṣòfin sì gbà láti náwó sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1796 pẹ̀lú ìbò 51 sí 48. Ìbò mẹ́ta péré! Orílẹ̀-èdè òkèèrè wo ni kò ní fẹ́ fi owó tàbí ìpọ́nni ra ìbò mẹ́ta?

Àmọ́ ohun tó wúwo jù nínú ìwé náà, tí àwọn tó ń tọ́ka sí i kì í sábà dárúkọ, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀san. Washington kò bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò máa jiyàn. Ohun tó bẹ̀rù ni pé ẹgbẹ́ kan yóò jẹgàba lónìí, èkejì yóò jẹgàba lọ́la, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan yóò máa gbẹ̀san ìgbà tó kọjá. Ó ní èyí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìnilára tó burú, ṣùgbọ́n kò ní parí síbẹ̀. Bí ìyà bá pọ̀ lápọ̀jù, aráàlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìsinmi lábẹ́ agbára ẹnì kan ṣoṣo. Bó pẹ́ bó yá, olórí ẹgbẹ́ kan tó gbọ́n tàbí tó rìnnà kore ju àwọn yòókù lọ yóò gun ẹ̀yìn ìfẹ́ yẹn dé orí oyè, yóò sì gba orí òmìnira ìlú kọjá. Ẹ kíyè sí i pé apàṣẹwàá nínú àlàyé yìí kì í fi ogun wọlé. Àwọn tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìwé náà ni ẹ̀san bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú òfin. Ní oṣù Keje ọdún 1798, àwọn Federalist ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ọ̀rọ̀ èké tó ń ba ìjọba lórúkọ jẹ́: owó ìtanràn tó lè tó 2,000 dọ́là, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì. Òfin náà dáàbò bo ìjọba, ilé aṣòfin méjèèjì àti ààrẹ. Kò dárúkọ igbákejì ààrẹ, torí Jefferson ló wà nípò náà. Wọ́n sì kọ ọ́ kí ó parí lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1801, ọjọ́ tí sáà tiwọn ń tán, kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa fi bá wọn náà jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí, kó wo ẹni tí òfin náà fo àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Matthew Lyon, ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin láti Vermont, ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, ó sì san 1,000 dọ́là. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà tí àwọn ará ẹkùn rẹ̀ fi tún dìbò yàn án.

Ètò ìdìbò pàápàá kò lè gbé ẹrù ẹgbẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1787 ni pé àwọn aṣojú-dìbò, ìyẹn àwọn tí ìpínlẹ̀ bá yàn láti dìbò yan ààrẹ, kálukú wọn yóò dárúkọ ènìyàn méjì, ẹnì kan ó kéré tán kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í sọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ààrẹ. Ẹni tó bá gba iye tó pọ̀ jù, tó sì ju ìdajì lọ, ni ààrẹ, ẹni tó tẹ̀ lé e ni igbákejì. Fún àwọn ènìyàn tí kò ní ẹgbẹ́, ètò tó dára ni. Ní 1796, àwọn Federalist fẹ́ kí John Adams jẹ ààrẹ, kí Thomas Pinckney jẹ igbákejì. Àwọn kan lára wọn bẹ̀rù pé Pinckney lè ré Adams kọjá, wọ́n bá fi ìbò kejì wọn fún ẹlòmíràn. Adams gba 71, Pinckney gba 59, Jefferson tó wà ní ẹgbẹ́ kejì sì gba 68. Bí ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ ṣe di alátakò ara wọn nìyẹn.

Àwọn Republican fi èyí kọ́gbọ́n ní 1800, wọn ò jẹ́ kí ìbò kankan jábọ́. Jefferson gba 73, Aaron Burr tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì náà gba 73. Ọ̀rọ̀ délé aṣojú-ṣòfin, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà, 9 ló gbọ́dọ̀ pé. Jefferson ní 8, Burr ní 6, ìpínlẹ̀ méjì pín sí méjì lọ́gbọọgba. Ìgbà 35 ni wọ́n dìbò tí kò yí padà. Ìgbà kẹrìndínlógójì, lọ́jọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1801, ni Jefferson tó rí 10 gbà. Àtúnṣe kejìlá sí ìwé òfin, tó fìdí múlẹ̀ ní 1804, ló ya ìbò ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti igbákejì. Láìdárúkọ ẹgbẹ́, ìwé òfin ti gbà pé ẹgbẹ́ wà.

Ibi tí ìkìlọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé Washington kò ní àyè nínú ọkàn rẹ̀ fún alátakò tó jẹ́ olóòótọ́. Lójú rẹ̀, ìjọba tí aráàlú yàn ni ìfẹ́ aráàlú, ẹgbẹ́ tó bá kóra jọ láti dojú kọ ọ́ fẹ́ gba ipò aráàlú ni. Lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania ṣọ̀tẹ̀ ní 1794 nítorí owó orí tí ìjọba gbé lé ọtí líle, ó dá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń ṣàríwísí ìjọba lẹ́bi ní gbangba, ó pè wọ́n ní ẹgbẹ́ tó fúnra rẹ̀ yan ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1795, ó kọ̀wé sí Timothy Pickering, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, pé òun kò ní fi ẹni tó tako ètò ìjọba sípò pàtàkì kankan, torí irú ìpara-ẹni kan ni. Kò tako òfin ọdún 1798 náà. Ọkùnrin tó mọ àrùn náà dunjú kò mọ̀ pé ó ti ń ràn mọ́ òun lára, èyí sì jẹ́ kí n túbọ̀ gba àlàyé rẹ̀ gbọ́, torí ó bá ohun tó ní, pé kò sẹ́ni tí kò lè mú, mu.

Ní oṣù Keje ọdún 1799, oṣù márùn-ún ṣáájú ikú rẹ̀, Jonathan Trumbull, gómìnà Connecticut, fẹ́ kó tún jáde dupò ààrẹ. Washington kọ̀. Ó ní kí ẹgbẹ́ kejì gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ nàró, kí wọ́n pè é ní ojúlówó ọmọ òmìnira, gbogbo ìbò wọn ni yóò gbà. Ìwà ẹni tó dupò kò já mọ́ nǹkan mọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló kù. Ẹni tí gbogbo àwọn aṣojú-dìbò dìbò fún lẹ́ẹ̀mejì ló kọ èyí.

Ohun tó dá ẹ̀san dúró ní 1801 kò sí nínú ìwé Washington. Nígbà tí Jefferson búra wọlé lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta, ó ní Republican ni gbogbo wa, Federalist ni gbogbo wa. Ó dárí ji àwọn tí òfin ọdún 1798 ti mú, kò sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ṣe é. Adams ti wọ ọkọ̀ kúrò nílùú kí ilẹ̀ tó mọ́, kò dúró wo ìbúra náà, ṣùgbọ́n ó lọ. Nǹkan méjì yìí, pé ẹni tó fìdí rẹmi lọ, pé ẹni tó borí kò fi òfin gbẹ̀san, ló ṣẹlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì.

Ti ilẹ̀ ni kò dá dúró. Ìwé náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa oko ẹrú, bẹ́ẹ̀ ohun tó pín Àríwá àti Gúúsù nìyẹn. Ní 1860, Abraham Lincoln, tó tako kí oko ẹrú máa tàn kálẹ̀, wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò aráàlú, ìpínlẹ̀ mẹ́wàá sì wà ní Gúúsù tí kò ti rí ìbò kankan gbà. Ẹgbẹ́ ti di ilẹ̀, ilẹ̀ sì di ogun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1862, ẹgbẹ̀rún kan ará Philadelphia kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n ka Ìwé Ìdágbére náà sókè lọ́jọ́ ìbí Washington. Wọ́n kà á lọ́jọ́ 22 oṣù Kejì, níwájú ilé méjèèjì.

Láti 1896 ni ilé aṣòfin àgbà ti ń kà á lọ́dọọdún. Bí ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè, torí apá ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìdágbére lásán. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ Àríwá àti Gúúsù, kí ẹ máa kà á bọ̀ títí dé ibi iná. Ibẹ̀ ló ti ní ẹ̀mí ẹgbẹ́ jẹ́ iná tí kò ṣe é pa, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nígbà gbogbo kí ó má bàa ru, kó má lọ jẹ́ pé dípò kó mú ara móoru, yóò jó o run. Ẹni tó bá ka odindi rẹ̀ nílé aṣòfin máa ń buwọ́ lu ìwé kan tí wọ́n fi awọ dúdú dì, yóò sì kọ gbólóhùn díẹ̀ sí i. Ọdún kan, ọmọ ẹgbẹ́ kan ni yóò kà á, ọdún kejì ọmọ ẹgbẹ́ kejì, inú ìwé kan náà ni wọ́n sì ń kọ orúkọ wọn sí láti ọdún 1900.